Pákó Jésù Tí Àǹtí Ìbídùn Kò Parí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi kan ń kun ilẹ̀kùn tuntun ní fáníìṣì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, nígbà tí atẹ́gùn gbé òórùn fáníìṣì náà wá bá mi. Ọwọ́ mi dúró. Ọmọ ọmọ mi tó jókòó tì mí béèrè pé kí ló dé tí mo ń rẹ́rìn-ín tí omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ní kó gbé àpótí sún mọ́ mi, pé ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá wa láyé ìgbà yẹn.

Òkè-Ìlá ni ilé wa wà nílùú Adó-Èkìtì, ó sì ku bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹyìn tó gbó. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ìyá mi ń ta iyọ̀, ìṣáná àti kẹrosíìnì lórí tábìlì kan níwájú ilé. Yèyé, ìyá bàbá mi, ni ó ni yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí ààrò, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agboolé tí kì í ti ibẹ̀ rí. Àǹtí Ìbídùn ni àbíkẹ́yìn Yèyé, àbúrò bàbá mi. Ó tó ẹni ogún ọdún nígbà náà, ó ti ka ìwé mẹ́fà, ó sì máa ń kọ́ àwa ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Télọ̀ kan ní Ìgèdè ti wá tọrọ rẹ̀, àwọn àgbà sì ti gbà fún un.

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí Àǹtí Ìbídùn kọ́ lọ́dọ̀ ìyàwó àlùfáà òyìnbó kan, òun náà sì fi kọ́ wa. Àwa ọmọdé ń pè é ní pákó Jésù. Àṣẹ́kù pákó la máa ń tọrọ lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. A ó fi ewé eèpín ha á títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni a ó wá àwòrán: káàdì tí wọ́n pín fún wa ní kíláàsì Bíbélì, káàdì Kérésìmesì tí àwọn òyìnbó ti lò tán, òdòdó inú kàlẹ́ńdà, àti bébà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìgàn aṣọ. Àlùmọ́gàjí kékeré kan ni Àǹtí fi ń gé wọn. Ó lè gé irùngbọ̀n àpọ́sítélì láìsí pé irun kan yẹ̀. A ó tò wọ́n sórí pákó, a ó sún wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ojú Àǹtí yóò fi gbà á, a ó wá fi ògì tí a sè títí tó fi ki lẹ̀ wọ́n. Lábẹ́ àwòrán ni a ó ti to ọ̀rọ̀ ìyìn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí a gé láti inú ìwé ìròyìn àtijọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, a ó kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán, títí tí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tí bébà parí sí mọ́.

Àǹtí kì í jẹ́ kí a ṣe é bí eré. Kí a tó lẹ ẹnikẹ́ni mọ́ pákó, a ní láti sọ ìtàn ẹni náà fún Àǹtí, kí a sì gbàdúrà kúkúrú fún ilé tí pákó ń lọ. Ó ní bí ọwọ́ bá ń gé, kí ọkàn má lọ sọ́jà.

Ìṣòro wa ni pé ògì dùn. Mo rántí ọjọ́ tí mo gbé Pétérù àti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sí oòrùn kí ó gbẹ, tí ewúrẹ́ Yèyé wá jẹ Pétérù tán, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọkọ̀. Mo sunkún débi pé ìyá mi rò pé àkekèé ló ta mí. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti máa ń fún omi ewúro sínú ògì wa. Ewúrẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbọn orí, kò sì tún sún mọ́ ẹ̀sìn wa mọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó Àǹtí kù bí oṣù mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ pákó tirẹ̀, èyí tí yóò gbé kọ́ sí pálọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Ìgèdè. Kì í ṣe àṣẹ́kù mọ́ o. Bàbá Káfíńtà la odindi pákó igi ọmọ̀ fún un, ó gùn tó apá mi. Àwòrán ìgbéyàwó ìlú Kánà ló mú, èyí tó ti fi pamọ́ sínú àpótí rẹ̀ láti ọdún méjì: ìyàwó nínú aṣọ funfun, ìkòkò omi mẹ́fà nílẹ̀, Olúwa sì jókòó láàárín àwọn àlejò. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni OLÚWA Ń BẸ NÍNÚ ILÉ YÌÍ.

Ọ̀rọ̀ yìí fa àríyànjiyàn. Yèyé kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí a ka ohun tí a fẹ́ kọ sétí òun. Nígbà tí mo kà á, ó ní ta ni ilé. Àǹtí ní ilé ni, ibi tí à ń gbé. Yèyé ní àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ń gbé ilé, pé ulé ni àwa ń gbé, ulé ni bàbá òun kọ́, ulé náà ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. Ó ní bí Olúwa bá dé Ìgèdè tó ń wá ilé kiri, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí yóò júwe fún un. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé nìyẹn. Yèyé ní kí ìwé máa gbé inú ilé tirẹ̀, ó sì padà sídìí ààrò.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. A jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Àǹtí ti lẹ lẹ́tà dé NÍNÚ, ó sì ń gé òdòdó tí yóò fi yí etí àwòrán ká. Mo ń di bébà mú fún un. Ṣàdédé ni mo rí i tí ìyàwó Kánà ní àbàwọ́n pupa láyà. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọ̀ òdòdó ló ṣí. Nígbà tí mo gbójú sókè, àlùmọ́gàjí ti wọ inú ìka Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ń kán, Àǹtí sì ń gé bébà lọ, ó ń kọ orin jẹ́jẹ́.

Mo ní, “Àǹtí, ìka yín.”

Ó wo ìka náà. Kò pariwo, kò fà á sẹ́yìn. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó fi èékánná tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì wo ojú mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò mọ ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó rọra sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìgbà náà ni mo rántí pé láti bí oṣù díẹ̀ ó ti ń wọ aṣọ alápá gígùn, nínú oòrùn pàápàá, àti pé ìyá mi ti bá a wí lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò gbígbóná, ìyá mi sì rò pé àfojúdi ni.

Bàbá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n padà dé. Kò sí ẹni tó dárúkọ àìsàn náà sí wa létí, àmọ́ nínú agboolé, ohun tí wọn kò sọ fún ọmọdé ni ọmọdé máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀tẹ̀ ni. Dókítà ní ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, ìrìn àjò ọjọ́ kan sí Adó, pé oògùn tuntun ti dé, àmọ́ ó lè pẹ́ tó ọdún mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òwúrọ̀ ni Àǹtí lọ, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó jáde. Mo sáré fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ láti dá mi dúró, ó sì fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ó ní, “Dúró síbẹ̀, ọmọ dáadáa. Má fọwọ́ kàn mí.” Ó tún ní, “Bí ẹ bá ń ṣe pákó yín, ẹ má gbàgbé omi ewúro.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Yèyé kó ẹní Àǹtí, aṣọ rẹ̀ àti ìrọ̀rí rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì dáná sun wọ́n. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé nítorí àwa ọmọdé ló ṣe é. Ó béèrè pákó náà lọ́wọ́ mi. Mo ní Àǹtí ti gbé e lọ. Irọ́ ni. Abẹ́ igi ìdáná ni mo fi í pa mọ́ sí, tòun ti àlùmọ́gàjí.

Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀. Àwọn ará Ìgèdè ránṣẹ́ pé kí a gbàgbé ohun tí a jọ sọ. Télọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà, ó ṣí fìlà kí bàbá mi, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́ kí ó tó lọ. Àwọn tó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rà á níbòmíràn. Ní kíláàsì, ọmọ tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà sún títí tó fi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, olùkọ́ kò sì dá a padà. Ìyá Aládùúrà kan ládùúgbò, tí bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ agogo rẹ̀ rárá, nìkan ló ń wọlé wá, tó ń jókòó lórí ẹní wa, tó sì ń mu omi inú àmù wa. Bàbá mi kò tún sọ̀rọ̀ agogo mọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn àgbà ti lọ sí oko, mo gbé pákó náà jáde. Ẹ̀jẹ̀ àyà ìyàwó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Mo gé òdòdó kàlẹ́ńdà kan, mo lẹ̀ ẹ́ bo ibẹ̀, ó wá dà bíi pé ìyàwó gbé òdòdó dání. Mo sọ ìtàn Kánà fún àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé Àǹtí kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ bí mo bá fò ó. Ó wá ku ọ̀rọ̀ méjì. Lẹ́tà I wà nílẹ̀, Àǹtí ti gé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbé e, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Mo ń ronú pé níbi tó wà yẹn, kò sí ẹni tó ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ mọ́. Mo rò pé bó bá rí U, yóò dà bíi pé Yèyé ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo wá U nínú ìwé ìròyìn, mo gé e, mo sì lẹ̀ ẹ́. Yíǹkì bàbá mi ni mo fi fàmì sórí lẹ́tà. OLÚWA Ń BẸ NÍNÚ ULÉ YÌÍ.

Mo lọ tọrọ fáníìṣì lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi ló máa ń gbé e lé. Lọ́jọ́ náà, ó gbé agolo mílíìkì tó rọ ọ́ sí sílẹ̀ láàárín wa, ó padà sẹ́yìn, ó sì yí ojú sí igi tó ń fá. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé agolo náà, mo rí i pé ó rọ ọ́ kún dé etí, kì í sì í rọ ọ́ ju ìlàjì lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀rù wa, ó sì fẹ́ràn wa, kò mọ èyí tí yóò fi ṣe.

Lẹ́yìn ilé ni mo ti ń kùn ún tí bàbá mi fi bá mi níbẹ̀. Bàbá mi kì í fojú fo àṣìṣe. Ó ti fi yíǹkì pupa tún lẹ́tà ìkíni Kérésìmesì ṣe rí, ó sì dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ó ka pákó náà. Ó béèrè ta ló kọ́ mi ní ulé. Mo ní Yèyé ni. Ó jókòó sórí ìtì igi, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún nù ún. Mo sọ pé mo lè gé lẹ́tà I lé e lórí.

Ó ní, “Fi í sílẹ̀. Ó tọ̀nà.”

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ó fi àpò ìdọ̀họ wé pákó náà, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdó. Ọjọ́ kẹta ló dé. Ó ní àga gígùn kan ni wọ́n gbé sí àárín àwọn méjèèjì, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní Àǹtí ka ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi mú, lẹ́yìn náà ló sunkún. Iṣẹ́ kan ló rán: kí wọ́n sọ fún Yèyé pé òun gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ iṣẹ́ náà fún Yèyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Yèyé wọ yàrá rẹ̀, kò sì jáde jẹun. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí, ó ní kí n fi ulé han òun. Mo fi èédú kọ ọ́ sí ara ògiri ààrò. Ó fi ìka tọ ipa rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta péré, ó ní ó kéré fún ohun tó gbé gbogbo wa dúró. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tí bàbá mi ń lọ sí ibùdó tí Yèyé kò di ẹrù kan fún un: ilá gbígbẹ, ẹ̀gúsí, aṣọ tó fi owó ẹyìn oko rẹ̀ rà. Kò sọ ohunkóhun nípa iná tó dá rí.

Kérésìmesì mẹ́rin kọjá kí Àǹtí Ìbídùn tó padà. Ó mú ìwé dókítà dání pé ara rẹ̀ ti dá, pé kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó ti sanra díẹ̀. Ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká, wọn kò sì lè nà mọ́. Ó dúró sí iwájú ilé, kò wọlé, títí ìyá mi fi jáde lọ fà á lápá. Àwọn aládùúgbò ti dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, olúkúlùkù ń díbọ́n pé òun ń ṣe nǹkan kan.

Ìyá mi gbé oúnjẹ. Kò ní nǹkan búburú lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwo tánńganran tuntun kan ló bu iyán Àǹtí sí, lọ́tọ̀, ó sì gbé e ka iwájú rẹ̀. Àǹtí dúpẹ́. Ó wo àwo náà, ó sì wo ilẹ̀. Mo rí i pé kò yà á lẹ́nu.

Yèyé gbé abọ́ rẹ̀ dání, ó dìde níbi tó jókòó sí. Eékún ti ń dùn ún nígbà náà, ó sì pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé àwo tuntun náà, ó da iyán inú rẹ̀ sínú abọ́ tirẹ̀, ó da ọbẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

Ó ní, “Jẹun.”

Àǹtí kò lè mú ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ìborùn. Yèyé dúró dè é. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà jáde, àwọn ìka kíká náà bu òkèlè kékeré, ó sì kan ọwọ́ Yèyé nínú ọbẹ̀. Yèyé kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Bàbá mi kọjú sí ògiri.

Ó pẹ́ kí n tó lè béèrè pákó mi. Àǹtí ní òun fi í sílẹ̀ ní ibùdó. Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tí òun náà gba ìwé pé ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kó má wá. Ó ní obìnrin náà kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì máa ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀. Ó béèrè bóyá inú ń bí mi. Mo ní rárá. Inú ń bí mi díẹ̀, ó tó oṣù kan kí ó tó tán.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé. Èmi àti ọmọ Ìyá Aládùúrà nìkan la kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Àwa là ń gé, òun ló ń júwe. Nígbà tó fi di Ọdún Àjíǹde, a ti pé mọ́kànlá, Bàbá Káfíńtà sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fáníìṣì wá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àgbẹ̀ kan ní Ìjan fẹ́ Àǹtí, ó bí ọmọ méjì, ó sì dàgbà títí irun rẹ̀ fi funfun tán.

Lónìí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ta ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n tẹ̀ sára ike, ó ń dán, ewúrẹ́ kò lè jẹ ẹ́. N kò bú u. Àìsàn tó gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ Àǹtí, oògùn oṣù díẹ̀ ló ń wò ó báyìí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i pé ìbẹ̀rù kò bá a lọ. Àìsàn tí à ń bẹ̀rù ló ń yí orúkọ padà. A ṣì ń gbé àga gígùn sí àárín ara wa.

Bí mo bá wọ ilé kan tí mo rí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lára ògiri, inú mi máa ń dùn, mo sì máa ń kà á tán. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúró kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, kí n rí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun, kí n tó gbà á gbọ́.